Oyèníkẹ́, Ìwọ Lo Rán Ṣòkòtò Náà

Má gbé àga fún mi, Oyèníkẹ́, mi ò jókòó! Omi kẹ̀? Ṣé omi ni mo wá mu nílé ẹ? Ẹ̀yin adájọ́ jókòó sábẹ́ àtíbàbà lánàá níbi ìdíje òkìtì àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo Ìwó ń wò yín, Hàbíbátù ọmọ mi ta òkìtì síwájú, ó ta á sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ bí ológbò, kò fì rárá. Ọmọ iléèwé Olúpọ̀nnà yẹn ta tiẹ̀, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbàà, eruku sọ! Ẹni tó ṣubú lẹ wá ní kó máa lọ díje ní Ìbàdàn. Háà! Wàláì, ká ní wọ́n ròyìn ẹ̀ fún mi ni, mà bá ní irọ́ ni.

Kí lo wí? Pé rẹfirí bọ́ọ̀lù náà máa ń ṣojúsàájú? Ó ń ṣe é, ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n lórí pápá kan náà, nírọ̀lẹ́ àná yìí kan náà, àwọn ọmọ Ilé-Ogbó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, wọ́n nà wá, mo sì gbà, torí bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo ojú ló rí i. Tiyín ńkọ́? Inú ikùn yín ni àwọ̀n tiyín wà, ta ló lè yọjú wò ó? Máàkì tó bá ṣáà wù yín lẹ̀ ń kọ sí páálí, ẹ gbé e sókè, ó parí!

Àbí o ti gbàgbé? Nínú pálọ̀ yìí la jọ jókòó sí, tá à ń wo àwọn òyìnbó nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń fi bàtà onírin yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ lórí omi dídì. Ọ̀kan ṣubú, wọ́n tún rọ̀jò máàkì lé e lórí, ìwọ lo pòṣé, o ní, “Wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó jáde nílé.” Ẹnu ẹ ló ti jáde!

Gbọ́, àwọn adájọ́ yòókù kọ́ ló dùn mí. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ìwọ ni. Nígbà tí Àlfáà Mùkáílà ọkọ mi ní ọmọ àwọn ò ní ṣí ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ayé, ta ni mo sá tọ̀? Ìwọ tíṣà ni. O kúnlẹ̀ fún wọn, o ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Àlfáà, màá rán ṣòkòtò gígùn fún un, kò sófin tó kọ̀ ọ́.” Máṣínnì ẹ lo fi rán an, ìwọ lo so ìbòrí mọ́ ọn lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni wọ́n gbà, wọn ò gba tèmi. Ó wá dórí pápá, ẹ ní ṣòkòtò ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí bí orúnkún ẹ̀ ṣe nà! Máàkì orí páálí tìẹ ló sì kéré jù, Oyèníkẹ́! Ó kéré ju ti ẹni tí kò mọ̀ wá rí!

Hẹn? Tún un sọ. Kí wọ́n má baà ní torí ọ̀rẹ́ lo ṣe fún un ní púpọ̀? Áà! Áà! Kí ọwọ́ tìẹ lè mọ́ láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ, lo ṣe dín máàkì ọmọ mi kù? Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ pé kó o fún un lóhun tí kò tọ́ sí i ni? Ohun tí ojú ẹ rí, ṣé kò tó kọ ni?

Bàbá ẹ̀ ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n kàn ní, “Ràhámọ̀tù, mo sọ fún ẹ, àbí mi ò sọ?” Wọ́n ní òkìtì parí nílé àwọn. Ọmọ náà ò sunkún. Láti àárọ̀ ló ti ń bi mí pé, “Ìyá mi, níbo ni mo ti ṣì í ṣe?” Kí ni kí n wí? Olúwa mi, kí ni kí n wí?

Má kúnlẹ̀ fún mi, ẹgbẹ́ ni wá. Wọ bàtà ẹ. Hàbíbátù wà nílé, bàbá ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ dá ọmọ náà lóhùn, lójú bàbá ẹ̀. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Dìde, mò ń dúró dè ẹ́!