Ilẹ̀ Ni Olùkọ́ Ìrìn

Ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ọkọ̀ Èmùré ti ń dúró de èrò, ni mo jókòó sí pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ìyá àgbà kan àti ìyá ọmọ kan tó ti Èkó dé.

"Ọmọ oṣù mélòó nìyẹn?"

"Oṣù mẹ́rìnlá, mà. Kò tíì dìde dúró. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi la ń lọ, ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ń bà mí."

"Ṣé dókítà ti wò ó?"

"Wọ́n ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

"Ṣé ó ń rákò?"

"Rárá, mà. Ilé wa há, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Bí mi ò bá pọ̀n ọ́n, orí àga rẹ̀ ló ń wà."

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ti sọ ọmọ di ẹrù! Ọmọ mi, ilẹ̀ ni olùkọ́ ìrìn, ìwọ ò sì jẹ́ kí tìrẹ rí olùkọ́. Má sunkún, kò sẹ́ni tó sọ fún ọ ni. Tí ẹ bá dé ulé, ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Tó bá gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, á fẹ́ kó tún dún. Ó yá, sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Nínú iyanrìn yìí, mà?"

"A ó gbọn iyanrìn dànù."

Ìyá ọmọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ náà wò mí, ó di ọ̀pá mi mú, ó dìde. Kò pẹ́ ju kéèyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ, ó jókòó padà. Ìyá rẹ̀ pariwo bí ẹni tó rí ọba.

Nílé, mo ti sọ fún wọn pé ọmọ náà gba ọ̀pá mi, ó sì sáré ṣáájú ọkọ̀ wa dé Èmùré. Irọ́ ni, lónìí. Ẹ fún un ní oṣù díẹ̀ sí i.