Ojú-Ìwé Ìròyìn Inú Férémù

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti Samson kò tilẹ̀ pé ogún. Ní ọdún kọkàndínlógún ni òótọ́ ká a mọ́ pálọ̀ ara rẹ̀ ní Bàrígà, níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Démiládé, ọmọ rẹ̀, gun àga láti yọ férémù lára ògiri. Ó ní àwọn tó ń ṣe páspọ́ọ̀tù ní kí òun mú ojú-ìwé ìròyìn tí wọ́n fi kéde orúkọ ìdílé àwọn tuntun wá lọ́la. Samson ti àwo ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ayédèrú ni ìwé náà, bí ọmọ yìí bá sì gbé e débẹ̀, wọ́n lè tì í mọ́lé.

“Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi. Ìyá Démi, ìwọ náà jókòó. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú mọ́.”

Tíṣà ni bàbá Samson ní Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́. Ẹgba rẹ̀ kì í sinmi, ni ará ìlú bá sọ ọ́ ní Pankẹ́rẹ́, ó sì di orúkọ ìdílé. Nígbà tí wọ́n ń fi Démiládé ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, Tabitha ìyá rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, Adéjìmí ni wọn yóò máa jẹ́. Samson búra nílé-ẹjọ́, ó sì mú ìkéde lọ síléeṣẹ́ ìwé ìròyìn.

“Mo dé ẹnu géètì,” ni ó wí, “mo rò ó pé bí mo bá wọlé, orúkọ bàbá mi parẹ́ nìyẹn. Ni mo bá gba ilé ìtẹ̀wé mi ní òpópónà Bajulaiye lọ. Mo to lẹ́tà fúnra mi, mo fi ìròyìn bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tẹ ẹyọ kan.” Ọ̀lẹ èèyàn, kò tilẹ̀ wá bébà tuntun. Ẹ̀yìn bébà tó ti bàjẹ́ ló lò, ó sì sáré fi férémù bò ó.

“Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ rántí ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi ni mo jó ṣáájú. Pásítọ̀ gbàdúrà sórí orúkọ tuntun, àmín mi ló sì ròkè jù.”

Tabitha gba férémù náà, ó já ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka ohun tó wà lẹ́yìn ìwé náà síta. “‘Orin kejì. Ìwàásù. Gbígbé òkú jáde.’ Bàbá Démi, ètò ìsìnkú ẹni ẹlẹ́ni ni mo ń nu eruku kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí?” Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Démiládé ti rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀.

“Ẹ dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kí orúkọ bàbá mi parun ni.”

Tabitha yí iwájú ìwé náà sí i, ó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ to lẹ́tà, ẹ ò kà á ni? ‘Èmi tí a mọ̀ sí Samson Pankẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀.’ Orúkọ bàbá yín ló ṣáájú. Ká ní ẹ wọlé lọ́jọ́ náà ni, gbogbo Nàìjíríà ì bá ti kà á.”

Samson gba ìwé náà, ó ka ìlà náà. Omi lé ròrò sí i lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá àti ọmọ mú un láàárín dé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn. Tabitha kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkéde náà. Nígbà tí ìkéde náà jáde ní Ọjọ́bọ̀, Samson ra ẹ̀dà méje, ó fún Démiládé ní ọ̀kan fún páspọ́ọ̀tù, ó dúró lójú títì ní Bajulaiye, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ sókè. Títí dòní, ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ni pé, “Bí ẹ bá ti dé ẹnu géètì, ẹ wọlé.”