Àwẹ̀ró Lọ Kó Èbù Iṣu

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì fẹ́ gbé abúlé wa mì, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ni ìyá ńlá gbogbo wa. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó wọlé lọ.

Ẹfọ̀n ló pa ọkọ Àwẹ̀ró. Ọkọ ta á lọ́fà, ọfà wọlé, ẹfọ̀n kò kú. Ẹfọ̀n tó bá fara gbọgbẹ́ kì í sá lọ. Ńṣe ló ń lúgọ de èèyàn. Ó wà lọ́nà oko, ó ń mí fìn-ìn, fìn-ìn nínú ewé. Àwọn ọkùnrin abúlé tilẹ̀kùn mọ́rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin! Wọ́n tún lẹ́nu láti sọ pé orí Àwẹ̀ró ló burú.

Oyún wà nínú rẹ̀. Èbù iṣu tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà nínú abà tó ń jò lóko, òjò sì ti ń ṣú. Bí òjò bá kan èbù yẹn, á jẹrà; bó bá jẹrà, kò sóhun tí wọ́n máa gbìn, ebi á pa òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀rù ẹfọ̀n ń bà á, ẹ̀rù ebi ń bà á. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé agbọ̀n. Mopélọ́lá, ìyá ọkọ rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́, kò pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́.

"Níbo lò ń gbé agbọ̀n lọ?"

"Oko ni, ìyá mi."

"Ṣé òkú ẹyọ kan kò tó wa ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ."

Ìyá já agbọ̀n gbà, ó gbé e lérí ara rẹ̀. "Tẹ̀ lé mi. Má sì wọ́ ẹsẹ̀ bí ìgbín!"

Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Igi dá, àyà wọn já. Ẹyẹ fò, àyà wọn já. Bí wọ́n ṣe wọ abà báyìí, fìn-ìn! Wọ́n sá gun àjà. Ẹfọ̀n ń fi ìwo gbo igi abà nísàlẹ̀, igi ń han.

Lójijì ni ìyá figbe ta: "Ọdẹ́wálé! Ọdẹ́wálé ọmọ mi o!" Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ náà, pè é."

"Ìyá mi, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ."

"Ọkọ ọ̀hún dà? Pè é jàre, kí ọ̀fọ̀ yìí má baà pa ọ́ láti inú!"

Àwẹ̀ró pè é. Ohùn rẹ̀ ya bí àgbàrá. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń pè é, wọ́n ń sunkún, títí igi abà fi dákẹ́. Ẹfọ̀n ti lọ. Ibi tó lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ dòní. Wọ́n kó èbù, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n rù ú, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn náà ló gbé wọn délé. Ọmọ inú Àwẹ̀ró jẹ nínú iṣu náà, ó dàgbà, ó sì kọ́ ilé yìí.

Ẹ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lé opó jáde níbòmíràn. Ìwà ẹranko ni! Nílé tiwa, ọjọ́ tí opó bá kọ́kọ́ jáde, ìyá ọkọ ló ń ru agbọ̀n ṣáájú rẹ̀ lọ sóko. Bí ìyá ọkọ kò bá sí, ọ̀kan nínú yín ló máa rù ú. Bí wọ́n bá dé abà, opó á la ẹnu, á pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ fún un pé ó tó.