Èmi Ni Mo Pa Fídíò Ìyá Àgbà Rẹ́, Kì í Ṣe Sìdí

Fídíò wàásù kan ni mò ń wò nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mile One lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ni mò ń tà fún àwọn aránṣọ. Fóònù ọwọ́ mi kò lágbára. Fídíò náà ń dúró, ó ń fò, ẹnu àlùfáà ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Mo wọ inú ètò ìwofídíò tí mò ń lò, mo yí ibì kan ṣoṣo padà. Fídíò náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere.

Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, mo sì wá a títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà méjì ni fóònù ń gbà tú fídíò. Ó lè gbé e fún ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn nìkan. Ìyẹn yá, kì í sì í jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oríṣi fídíò ló gbọ́. Tàbí kí ọpọlọ fóònù fúnra rẹ̀ ṣe é. Ìyẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù á gbóná, bátìrì á sì tètè kú. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ máa fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú gan-an nìyẹn.

Ètò náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn tó kọ ọ́ gbé kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tó ń mú un ṣiṣẹ́, sí gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà rí. Ẹ̀yìn káńtà ni mo ti kọ́ ọ, láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Nígbà tó yá, mo ṣe tiwa jáde nínú rẹ̀, fún àwa ará ilé tó wà ní Port Harcourt. Mo jẹ́ kí ohùn wàásù máa lọ bí ojú fóònù bá kú. Mo jẹ́ kí àmì ohùn Yorùbá hàn dáadáa lábẹ́ fídíò. Àwọn ènìyàn gbà á, wọ́n sì yìn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Inú ìfẹ́ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti jáde. Mo gbé ẹ̀bi mi kọ́ ọmọlọ́mọ lọ́rùn. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé òun ò ní jókòó níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí nìyẹn.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá yìí. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe ní Rumuigbo. Èmi, ará Ọ̀fà ni mí, mo sì kéré sí i lọ́jọ́ orí. Bàbá Sìdí ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Sìdíkátù ni àkọ́bí rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí Sìdí sí. Pidgin yá lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ.

Kí ìyá Bàbá Sìdí tó kú, ẹnì kan nílé ya fídíò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń ki ọmọ rẹ̀, ó sì ń ṣàdúrà fún ìdílé rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá fi jáde láyé. Wọ́n ti jí fóònù ẹni tó ya á. Orí fóònù Bàbá Sìdí nìkan ni fídíò náà ṣẹ́kù sí, inú ètò tèmi ló sì ti ń wò ó.

Sìdí fẹ́ mọ oríkì náà kó lè máa fi kí bàbá rẹ̀. Tí mo bá lọ sí ilé wọn, mo máa ń bá a tó ń tẹ̀ lé ìyá àgbà lẹ́nu: "Àkànní, ọmọ a-rìn-jìnnà-má-gbàgbé-ilé." Bàbá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á yíjú sí mi:

"Olówùú, gbọ́ Yorùbá ẹnu ọmọ yìí. Bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀!"

"Daddy, abeg, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ Ìyá. I don nearly sabi am finish."

Ó máa ń wò ó dé òpin. Á tún bẹ̀rẹ̀, á tún wò ó dé òpin.

Láàárín àkókò yẹn, àwọn ènìyàn ń kígbe lé mi lórí pé fóònù àwọn ti kún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ààyè inú fóònù wa kò tó nǹkan, fídíò àwàdà àti wàásù sì ń wọlé lójoojúmọ́. Mo kọ kóòdù tuntun kan sínú ètò mi. Tí ààyè bá ti ń tán, kí ètò náà wá fídíò tí ènìyàn ti wò dé òpin ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, kó sì pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Mi ò jẹ́ kó béèrè. Ìlà kóòdù díẹ̀ ni ìbéèrè náà ì bá gbà: "Ṣé kí n pa á rẹ́?" Ṣùgbọ́n mo kórìíra ètò tó ń béèrè ju. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ń tẹ ohunkóhun tó bá yọ lójú fóònù. Mo rò pé kó máa ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́ ló mọ́ jù. Mo rò pé ohun tí ènìyàn ti wò dé òpin, ó ti tán nídìí rẹ̀. Kò sí lọ́kàn mi pé ẹnì kan lè máa wo nǹkan dé òpin nítorí pé kò fẹ́ kó tán.

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn àsálàtù, àlejò dé bá Bàbá Sìdí láti ilé. Ó fẹ́ fi ìyá rẹ̀ hàn wọ́n. Kò rí i. Ó gbé fóònù náà wá bá mi, Sìdí ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi méjì kan jókòó tì mí, àwọn tó máa ń fi ètò mi yangàn láàárín ọjà.

Mo ṣí fóònù náà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ètò mi ló pa á rẹ́. Kò sí iyèméjì níbẹ̀.

Bàbá Sìdí bi mí pé, "Olówùú, ṣé ẹ̀rọ lè ṣàdédé pa á?"

Mo wo àwọn méjì tó jókòó tì mí. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́."

"Uncle, no be me! Wallahi, no be me o! Mi ò tẹ nǹkan kan!"

Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn wò ó, ó ní, "Ìwọ nìkan lò ń mú fóònù yìí, Sìdí. O tún wá ń purọ́." Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá a lè rí i gbà padà. Mo ní kò ṣeé ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tilẹ̀ gbìyànjú. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí i gbà, wọ́n á bi mí bó ṣe lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi ìbéèrè yẹn sínú kóòdù. Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "àtúnṣe kékeré", mo sì gbé e sí gbangba gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Gbogbo ayé ló lè kà á. Kò sí ẹni tó kà á ní Rumuigbo.

Bàbá Sìdí ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Bàbá Sìdí mọ́. Bàbá Wàsíù ni kí a máa pe òun, nítorí Wàsíù ni ọmọ kejì. Lára àwọn ará ọjà, èmi ni mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Sìdí kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Abuloma, ó sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra òwú. Ó ṣì ń lo ètò mi. Ó máa ń sọ pé, "Uncle, this your app sweet o." Mo máa ń dá a lóhùn pé ó ṣeun.

Nígbà tó mú ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ níwájú káńtà mi. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Daddy. Na only you im dey hear."

Mo lọ. Bàbá Wàsíù ń jó irin mọ́ irin nígbà tí mo dé. Ó pa iná, ó gbọ́ mi tán.

"Olówùú, kì í ṣe títẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ló dùn mí. Ọmọdé ni nígbà náà. Ká ní ó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbàgbé. Títí di òní, ó ní òun kọ́. Ẹni tí kò jẹ́wọ́, kí ni wọ́n fẹ́ kí n forí jì í lé lórí?"

Ó wọlé, ó sì mú mẹ́mọ́rì káàdì kan jáde tí ó dì sínú áńkáṣíìfù. Ọjọ́ tí fídíò náà sọnù gan-an ló ti yọ ọ́ kúrò nínú fóònù, kò sì lò ó mọ́. Ó ní, "Wọ́n ní ayé ti lọ síwájú. Bá mi tún un wò."

Nítorí pé kò lò ó, nǹkan ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti já sí wẹ́wẹ́. Ibì kan wà nínú fídíò tó ń sọ ipò tí àwòrán àti ohùn kọ̀ọ̀kan wà. Ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò ìwofídíò kì í ṣí irú rẹ̀ rárá, kí fóònù má baà dákú. Mo tún tèmi kọ, kó máa wá ohùn fúnra rẹ̀ láàárín pàǹtírí, bí fóònù tilẹ̀ ń dákú. Ó sì ń dákú dáadáa. Ariwo lásán ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà, àkùkọ tó ń kọ. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìyá àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá gbé ohùn yìí fún un lásán, inú rẹ̀ á dùn, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Sìdí á sì máa jẹ́ òpùrọ́ lọ. Ohun tó ń wù mí láti ṣe nìyẹn, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Tí mo bá jẹ́wọ́ kí wọ́n tó so yìgì, ṣé kí n pe Sìdí síbẹ̀ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ní Abuloma? Ìjìyà tó bá tọ́ sí mi, mo ti gbà á.

Títí di àná, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógójì ni mo ti rí gbà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé. Kò sí àwòrán, ohùn nìkan ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá àgbà pe ọmọ rẹ̀ ní Bàbá Sìdí nínú rẹ̀.