Olórúkọ, Wá Jẹun

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Agboyì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ń fi ìwé han ìyá arúgbó tó jókòó tì í.

"Mama, ìtàn ogun ni mò ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn ṣọ́jà wa tó kú sí Bọ́mà rèé. Orúkọ bàbá yín tí ẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan nìyí, àti abúlé wọn."

"Bàbá mi padà dé. Agboyì ni wọ́n jókòó sí, wọn ò dé abúlé yẹn mọ́. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n bí mi."

"Àbí àṣìkọ ni, Mama?"

Nígbà tí a fẹ́ gúnlẹ̀, ìyá náà fi ìka lé orúkọ inú ìwé náà.

"Bí bàbá mi bá fẹ́ jẹun, wọ́n á kọ́kọ́ bu òkèlè kan sílẹ̀, wọ́n á ní, 'Olórúkọ, wá jẹun.' Àwa rò pé baba ńlá wa ni wọ́n ń pè."