Àmín Kan Péré

Àmín! Bùọ̀dá mi, Àmín lásán-làsàn! Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìkókó ń sọ tí itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹ̀, òun ni ọmọ tí mo bí sínú ayé ní kò lè jáde lẹ́nu òun, òun náà ni ọkọ mi, àbúrò yín, ní bí àwọn ò bá gbọ́ ọ, kò sí dókítà tó máa fi ọ̀bẹ kan ara àwọn lónìí. Ẹ rọra jókòó o. Àga yẹn ń mì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti yẹ̀. Ká ní ara àbúrò yín le ni, wọn ì bá ti dojú ẹ̀ dé, kí wọ́n kàn án ní ìṣó kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e. Ẹ wá síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n rí ẹni sọ ọ́ fún kí àyà mi tó bẹ́.

Ìfun ni. Ìfun wọn ló lọ́. Dókítà obìnrin yẹn tú okùn bàtà ẹ̀ níwájú mi, ó lọ́ ọ, ó ní, "Màmá, bó ṣe rí nínú wọn nìyí, ẹ̀jẹ̀ ò kọjá níbẹ̀ mọ́." Ó ní bí àwọn ò bá tú u kí ilẹ̀ tó ṣú, ibi tó lọ́ yẹn á kú sí wọn nínú, á sì fa ìyókù dání. Ó ní ojú wọn là, orí wọn pé, àwọn ò lè fi ọ̀bẹ kàn wọ́n àfi tí wọ́n bá gbà fúnra wọn. "Màmá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀." Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀? Bàbá ni àbí ọmọ? Òkúta ni àbí àpáta?

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wúkọ́ yẹn jáde dáadáa. Ọ̀dà tẹ́ ẹ fi ń kun àga ní ṣọ́ọ̀bù ló máa pa yín, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ̀yin náà wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe wọ̀ ọ́ báyìí lẹ dìde, ẹ ní ẹ ń lọ wo pákó tẹ́ ẹ sá sóòrùn. Tíṣà ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé ẹ̀ dé ni, ó jókòó sórí pákó, ó ń sọ ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bàbá ẹ̀ ń fá ẹsẹ̀ àga. Wọ́n ní, "Ìwọ, wo àga yìí. Ṣé ó ṣe ara ẹ̀ ni?" Ó ní, "Bàbá, ayé kì í ṣe àga. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi ló kọ́kọ́ wà—" Yéè! Bàbá ẹ̀ ju ìfági sílẹ̀. "Ẹ̀dá! Ẹ gbà mí, ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ẹ̀ jáde! Ẹ̀dá lo pè wọ́n! Ta ló dá wọn?" Ó ní ọ̀rọ̀ lásán ni. "Ọ̀rọ̀ lásán kẹ̀? Bí kò bá sẹ́ni tó dá a, kí ló dé tó ń jẹ́ ẹ̀dá?" Ọmọ ronú. Ó ní, "Ó dáa, àwọn ohun abẹ̀mí inú omi." "Abẹ̀mí! Ta ló fi ẹ̀mí sí i?" Ó ní, "Àwọn nǹkan." "Nǹkan wo?" "Àwọn nǹkan ṣáá, Bàbá! Àwọn nǹkan tó ń yí kiri nínú omi!" Èmi tí mò ń rán tìmùtìmù, mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi níka.

Òun náà ò gbà. Ó ní, "Àga yín yìí, ṣé bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí? Ṣebí ẹnì kan ló jókòó sórí kùkùté, ẹlòmíì gé kùkùté, ẹlòmíì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹlòmíì fún un ní ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó mọ ibi tó ń já sí." Bàbá ẹ̀ ní, "Ẹlòmíì, ẹlòmíì! Gbogbo ẹlòmíì tó o kà yẹn, gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbogbo wọn!" Inú bí Tíṣà, ó fò dìde, ó ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, Bàbá, kò sí Ọlọ́run!" Háà! Bàbá ẹ̀ di tábìlì mú, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gbé wọn ṣubú. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì jẹun nínú abọ́ kan náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bùọ̀dá mi. Ta ló mọ̀ pé ó máa dé orí bẹ́ẹ̀dì?

Ó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ní òwúrọ̀ yìí àbúrò yín ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbàdúrà kí wọ́n tó gbé àwọn lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run tó dá mi, bí mo bá sùn, jẹ́ kí n jí. Bí mi ò bá jí, má fi ọmọ mi sílẹ̀." Mo ṣe Àmín. Nọ́ọ̀sì ṣe Àmín. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí kò mọ̀ wá rí, tí wọ́n fi rọ́bà sí nímú, òun gan-an fi imú ṣe Àmín! Ẹnì kan dákẹ́. Àbúrò yín la ojú. "Mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kan." "Bàbá, mo wà níbí." "Mi ò bi ọ́ bóyá o wà. Ṣe Àmín." Ọmọ yẹn mú irin bẹ́ẹ̀dì dání, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má purọ́ fún yín láéláé."

Ó tán! Àbúrò yín ní, "Àdúrà tí oríkèé ẹ̀ kan ò wọnú ara, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Mi ò ní sùn lé e." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo fa ọmọ wá síta, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí gan-an. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí! Mo ní, "Ẹnu lásán ni. Fi tàn wọ́n." Ó fà mí dìde. Ó ní, "Màmá, bí mo bá ṣe é tí wọn ò jí, irọ́ ni mo fi sìn wọ́n sọ́nà. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á rò pé mo ti yí padà, ojoojúmọ́ ni mà á wá máa pa á." Ẹkún ló ń fi sọ ọ́, Bùọ̀dá mi. Ká ní ìgbéraga ni, mo fi ọmú tí mo fún un búra, ǹ bá ti gbá a létí. Àmọ́ ta ló kọ́ ọ? Ṣé ẹ rántí ìgbà tó gé pákó àkọ́kọ́, tó wọ́, tó ní ó tọ́? Bàbá ẹ̀ gbé irin onígun lé e, wọ́n ní, "Tó bá wọ́, sọ pé ó wọ́. Má fi ọ̀dà bò ó." Ẹ wo ọ̀dà náà báyìí. Ẹ wo ẹni tí kò fẹ́ fi nǹkan kan bo nǹkan kan!

Òótọ́ kan ṣoṣo ló wà, bàbá mú un dání. Òótọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọmọ náà mú un dání. Ọ̀kan ṣoṣo méjì! Èwo ni tèmi níbẹ̀? Òótọ́ tèmi ni pé ìfun ọkùnrin yìí lọ́. Ṣé a ò lè kọ́kọ́ tú ìyẹn ná, ká tó wá ìdí ayé?

Kí lẹ wí? Sùúrù? Ẹ wo òòrùn lójú fèrèsé, ó ti kúrò lórí ògiri, ó ti bọ́ sílẹ̀. Sùúrù dà? Èmi kọ́ ni mo ni ọkọ, èmi kọ́ ni mo ni ọmọ, èmi ni mo kàn ni ẹkún. Kò sí ohun tí mi ò tí ì sọ. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wọlé, ẹ lọ sọ nǹkan. Ẹ má wolẹ̀. Mo ní kí ẹ má wolẹ̀!

Ó dáa. Kò burú. Èmi á gba àdúrà náà fúnra mi níhìn-ín. Ọlọ́run, má jẹ́ kí èmi nìkan padà sílé yẹn.

Bùọ̀dá mi?

Ẹ tún ń wúkọ́.

Ẹ dúró ná. Ọ̀dà wo ló wà níhìn-ín?

Ẹ wò mí lójú. Ikọ́ yẹn… láràárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí àbúrò yín tó tan ẹ̀rọ, bí wọ́n bá ṣe dé ìparí àdúrà báyìí, gẹ́lẹ́ níbẹ̀, èmi á ṣe Àmín, ẹ̀yin á wúkọ́! Ẹ̀yin náà ò ṣe Àmín rí! Wọ́n á sì ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," wọ́n á tan ẹ̀rọ! Èmi tí mò ń po oyin sómi gbígbóná! Oyin, Bùọ̀dá mi! Ẹ̀ ń mu ún, ẹ̀ ń dúpẹ́!

Yéè! Ẹ gbà mí o, ọkọ mi ń kú lọ, ẹ̀rín ń pa mí. Nọ́ọ̀sì ń wò wá, ẹ jẹ́ kó máa wò. Ẹ má bẹ̀ mí, mi ò bínú, mi ò ráyè bínú. Ta ló ní kí ẹ purọ́? Ẹ purọ́ fún ta ni? Ṣé ikọ́ ń purọ́ ni?

Ẹ dìde! Ọmọ yín ló dúró lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ lọ kọ́ ọ ní ikọ́ yẹn, bó ṣe ń dún gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú!