Fóònù Tó Ń Dá Ìyá Lóhùn

Agùnbánirọ̀ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, jókòó tì mí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Wulari, ní Maiduguri. Híjáàbù mi kò jẹ́ kí wọ́n fura pé mo gbọ́ Yorùbá.

"Mo ti kọ́ fóònù mi níṣẹ́," ọkùnrin náà ń fọ́nnu. "Bí ìyá mi bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi láàárọ̀, á fi ọ̀rọ̀ wọn wé ti àná. Bí kò bá yàtọ̀, á dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀: 'Àlàáfíà ni mà, mo ti jẹun.' Bó bá yàtọ̀, á dún kí n lè kà á."

"Ọ̀lẹ! Ìyá tó bí ẹ?"

"Ohun kan náà ni wọ́n máa ń béèrè. Wo ti òní."

Obìnrin náà wò ó, ó pariwo. "Ṣé ìlà àkọ́kọ́ nìkan lo ní kó máa fi wéra ni? Ka ti ìsàlẹ̀!"

Ọkùnrin náà kà á sókè: "'Ó ti pẹ́ tí èsì rẹ kò yàtọ̀ sí ti àná. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ti wọ mọ́tò lánàá. Ọ̀sán yìí la máa dé Maiduguri.'"

"Kí ni fóònù ẹ wá fèsì?"

"'Àlàáfíà ni mà, mo ti jẹun.'"

Mo yáa fi etí híjáàbù bo ẹnu.

"Ìyá ẹ náà ń fi tòní wé tàná," ni obìnrin náà wí. Títí di òní, gbólóhùn yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

"Mai keke, don Allah, tasha!" Ọkùnrin náà ní kí awakọ̀ gbé òun lọ sí páàkì, ó wá yíjú sí obìnrin náà. "Jọ̀ọ́, bá mi lọ sí páàkì náà. Kí ni mo máa sọ fún wọn?"

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Fóònù tó ń dá wọn lóhùn ni kó lọ pàdé wọn."